Rẹ́jísítà tó wà lórí tábìlì yẹn

Détà tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ ẹ̀ yìí kì í ṣe èyí tá à ń rà sórí fóònù o, ìyẹn náà ti wọ́n ju kéèyàn máa fi ṣàwàdà lọ. Àkọsílẹ̀ tó wà lọ́wọ́ ìjọba ni mò ń sọ: iye oko, iye òjò tó rọ̀, ọ̀nà tó ti bàjẹ́, owó tí wọ́n ná. Ó yẹ kí wọ́n ṣí i sílẹ̀ kí aráàlú lè fi ṣòwò.

Lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn mo kó ogún àpò àgbàdo gbígbẹ jọ l'Ádó, owó àǹtí mi ló pọ̀ jù níbẹ̀, mo fẹ́ máa tà á fáwọn tó ń sin adìẹ. Ibo ni wọ́n pọ̀ sí gan-an? Ìyẹn ni mi ò mọ̀. Mo bá gba ọ́fíìsì ìjọba kan lọ, mo bá bàbá kan níbẹ̀, rẹ́jísítà gbọọrọ kan wà níwájú wọn tí wọ́n fi báírò pupa falà sí: orúkọ ìlú, iye adìẹ, ọjọ́ tí wọ́n gún wọn lábẹ́rẹ́ gbẹ̀yìn. Èmi tí mo dúró lódìkejì tábìlì ń kà á ní ìdoríkodò, ìlà kan péré ni mo rí kà kí bàbá tó pa á dé. "Ta ló rán ẹ? Kí lo fẹ́ fi ṣe?" Mo ṣàlàyé. "Lọ kọ létà wá." Mo kọ ọ́, mi ò gbọ́ nǹkan kan títí dòní.

Ni mo bá gba ẹnu àwọn èèyàn gbọ́, wọ́n ní ìlú báyìí báyìí, adìẹ kún ibẹ̀ bámúbámú. Mo háyà bọ́ọ̀sì, a débẹ̀, nínú ilé adìẹ mẹ́rin tí wọ́n júwe, koríko ti bo mẹ́ta. Ká ní mo rí ọjọ́ abẹ́rẹ́ yẹn ni, ǹ bá ti mọ èyí tó ti kú. Dírẹ́bà ń pariwo owó ìdádúró mọ́ mi lórí, mo kó àgbàdo padà sílé, kòkòrò bá mi jẹ nínú ẹ̀, mo ta ìyókù ní iye tí ò tó owó tí mo fi rà á. Àǹtí mi ò bínú, wọ́n kàn sọ mí ní Baba Yangan, orúkọ yẹn ò sì tíì kúrò lára mi.

Owó wa náà ló sì kọ rẹ́jísítà yẹn o! Epo ọ̀kadà ẹni tó lọ gún adìẹ lábẹ́rẹ́, báírò pupa yẹn gan-an, àpò ìlú ni gbogbo ẹ̀ ti wá.

Ọgbọ́n kí ìjọba ṣí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ fáráàlú, àwọn ará Amẹ́ríkà ti rí i. Fọ́tò ilẹ̀ tí sátẹ́láìtì wọn Landsat ń yà, ó ń lọ bí 600 dọ́là ẹyọ kan nígbà kan, lọ́dún tí ọjà ẹ̀ yá jù, bí 25,000 ló tà. Ní 2008 wọ́n ní kí kálukú máa gbé e lọ́fẹ̀ẹ́, ló bá di mílíọ̀nù mílíọ̀nù, àwọn tó ń yẹ oko wò, àwọn inṣọ́ránsì, àwọn tó ń ya máàpù, gbogbo wọn ń fi í pawó, ìjọba sì ń gba owó-orí lọ́wọ́ wọn. GPS tó ń fi ibi téèyàn wà hàn lórí fóònù náà, nǹkan ṣọ́jà ni, 2000 ni Clinton, ààrẹ wọn nígbà yẹn, ní kí wọ́n yéé da tàwọn aráàlú rú, òun ni ọmọ dìsípáàṣì fi ń rílé yín ní Bàsírì.

Kì í sì í ṣe pé kò sófin. 2011 ni Jonathan buwọ́ lùwé òfin Freedom of Information tó fún ìjọba ní ọjọ́ méje láti dá ẹni tó béèrè àkọsílẹ̀ lóhùn, Èkìtì gan-an ni ìpínlẹ̀ àkọ́kọ́ tó sọ ọ́ di tiẹ̀, lọ́dún yẹn náà, láyé Fáyẹmí. Èmi ni mi ò mọ̀. NBS, iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń kó iye nǹkan jọ, ń gbìyànjú ní tiwọn, wọ́n ń gbé iye owó oúnjẹ jáde ní ìpínlẹ̀ ìpínlẹ̀, àmọ́ iye uṣu (iṣu lẹ̀ ń pè é) fún Èkìtì lápapọ̀ ò lè sọ fún ẹ bóyá ti Ọ̀mùò wọ́n ju ti Ìkọ̀lé lọ, ibẹ̀ sì lèrè wà.

Túsìdeè tó kọjá mo tún kọ létà míì, mo kọ orúkọ òfin yẹn gàdàgbà sókè ẹ̀, mo gba sítáǹpù sórí ẹ̀dà tèmi. Àǹtí mi ní tí wọ́n bá dáhùn, kí n má tíì ra àgbàdo kankan o, kí n kọ́kọ́ mú bébà náà wá káwọn fojú ara wọn rí i.