Ẹ Dá Bọ́kẹ́ẹ̀tì Padà fún Ìyá

Àwọn oníbàárà mi tí wọn ò tíì pé àádọ́ta ọdún ló máa ń sọ ọ́ jù. Bí mo bá ti fi téèpù yí ìbàdí wọn ká, tí mo pe iye íǹṣì tó jẹ́, wọ́n á ní, "Ìyá Télọ̀, àgbà ti ń dé o. Ara ò jó oúnjẹ mọ́." Ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ̀rín ni mo máa ń rín, mo sì ń kọ nọ́ńbà mi sílẹ̀, torí ẹni tó fẹ́ gba owó iṣẹ́ kì í bá oníbàárà jiyàn. Níbí, kò sí owó ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ mi. Ẹ má di ẹrù yẹn ru ọjọ́ orí. Bí ẹ bá jẹ́ ẹni ogójì ọdún, kò tíì kàn yín.

Ọmọ mi obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ fisio, ìyẹn ìtọ́jú tó ń fi ìdárayá dá agbára ara padà, ló fi ìwádìí kan hàn mí. Herman Pontzer, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà, àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ló gbé e jáde ní 2021 nínú ìwé ìròyìn Science. Wọ́n kó àkọsílẹ̀ èèyàn tó lé ní 6,400 jọ láti orílẹ̀-èdè 29, láti orí ìkókó ọjọ́ mẹ́jọ dé orí arúgbó ọdún 95, wọ́n sì wo iye agbára tí ara kálukú ń ná lójúmọ́. Nígbà tí wọ́n ti ṣírò ìtóbi ara kálukú mọ́ ọn, wọ́n rí i pé ohun tí ara ń ná kò yí padà láti ẹni ogún ọdún títí dé ẹni ọgọ́ta. Ogójì ọdún gbáko! Ẹ̀yìn ọgọ́ta ló tó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bí ìdá 0.7 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dọọdún. Ikùn ẹni ọdún 45 kò wá láti ọ̀dọ̀ àgbà. Ẹ wo àwo oúnjẹ, ẹ wo ìjókòó ṣọ́ọ̀bù láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, ẹ wo ọ̀kadà tó ń gbé wa dé ẹnu ọ̀nà ilé.

Àwọn tó ti kọjá ọgọ́ta ni ọ̀rọ̀ mi kàn gan-an, ohun tí mo sì fẹ́ sọ wà nínú ìwé ìwọ̀n mi. Mi ò kì í da ìwé ìwọ̀n nù. Ẹ̀bá Ọjà Ọba ní Ìlọrin níbí ni mo ti ń ránṣọ, mo sì ní àwọn oníbàárà tí mo rán aṣọ ìsọmọlórúkọ àkọ́bí wọn, tí mo tún rán èyí tí wọ́n wọ̀ níbi ìgbéyàwó ọmọ yẹn kan náà. Bí mo bá tẹ́ àwọn ìwé náà sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ohun kan náà ló máa ń hàn: apá ń tín-ín-rín, itan ń joro, ìbàdí ń gbòòrò. Alájà kan wà tí apá rẹ̀ jẹ́ íǹṣì 15 nígbà kan. Ó ti di 12 báyìí, ìbàdí rẹ̀ sì ti fi íǹṣì mẹ́rin lé sí i. Nígbà tí mo sọ fún un, ó ní irọ́ ni, pé nọ́ńbà tí wọ́n ń kọ sí káàdì òun ní kílíníìkì bí wọ́n bá gbé òun sórí òṣùwọ̀n kò yí padà láti ọjọ́ pípẹ́. Òótọ́ ló sọ. Òṣùwọ̀n kì í mọ̀yàtọ̀ láàárín kílò iṣan, ìyẹn ẹran tó ń fún ara lágbára, àti kílò ọ̀rá. Aṣọ mọ̀ ọ́n: apá á máa ṣe wọ́dọ́wọ́dọ́, bọ́tìnnì ìbàdí á sì kọ̀ láti pàdé.

Irwin Rosenberg, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà, ló fún jíjoro iṣan yìí lórúkọ ní 1989, ó pè é ní sarcopenia. Láti bí ọgbọ̀n ọdún ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Láàárín ọdún mẹ́wàá mẹ́wàá, bí ìdá mẹ́ta sí mẹ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún iṣan ń lọ, ó sì ń yára sí i lẹ́yìn ọgọ́ta. Èyí tó burú jù ni pé agbára ń yára lọ ju ìtóbi iṣan fúnra rẹ̀. Apá lè ṣì kún ọwọ́ télọ̀, kí ẹni tó ni ín má lè ṣí ìdérí ìgò mọ́.

Ẹ jẹ́ kí n kọjá síbi ọ̀rọ̀ kan tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ káàkiri WhatsApp, pé kí àgbà lọ máa gbé irin torí iṣan máa ń jó ọ̀rá mọ́lẹ̀ bí a bá tilẹ̀ sùn. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀, àsọdùn sì pọ̀. Ara tó jókòó jẹ́ẹ́ dà bí ọkọ̀ tí dẹ́rẹ́bà dá dúró láti kó èrò tí kò pa ẹ́ńjìnnì: kò rìn, epo ń jó. Ọkàn ń lù, ẹ̀dọ̀ ń ṣiṣẹ́, ọpọlọ ò sùn. Nínú gbogbo ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń ná lójúmọ́, bí ìdá mẹ́fà sí méje nínú mẹ́wàá ló ń bá ìdúró yìí lọ. Ta ló wá ń jó o? Kílò kan ọkàn tàbí kíndìnrín ń jó nǹkan bíi kálórì (ohun tí wọ́n fi ń wọn agbára inú oúnjẹ) 440 lójúmọ́, ọpọlọ 240, ẹ̀dọ̀ 200. Kílò kan iṣan tó ń sinmi, 13 péré. Ọ̀rá, 4.5.

Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Bí àgbàlagbà bá forí ṣe fọrùn ṣe, tó fi kílò méjì iṣan kún ara, kálórì 26 ni yóò fi máa ná sí i lójúmọ́ bó bá jókòó. Ẹyin bíbọ̀ kan ń lọ sí 70. Èmi ò lè torí nǹkan tí kò tó ìdajì ẹyin gbé irin kankan.

Síbẹ̀, iṣan pọ̀ lára ju ọkàn àti ẹ̀dọ̀ lọ. Bí a bá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, ó tó bí ìdá kan nínú márùn-ún ohun tí ara ń jó lórí ìdúró. Bó bá ń lọ kílò kílò láàárín ogún ọdún, tí iye ọkà tó wà nínú àwo ò yí padà, tí ẹsẹ̀ ò sì rìn bíi ti àtijọ́, ohun tó ṣẹ́kù gbọ́dọ̀ ríbi sá sí. Ìbàdí Alájà ló sá sí. Àmọ́ kì í ṣe torí epo ni mo ṣe ń kọ èyí. Torí ìdìde ni.

Ìyá wa wà ní Ọ̀fà, wọ́n ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Ẹni tó bá gbọ́ oríkì ìlú wa mọ̀ pé ìjàkadì lorò Ọ̀fà. Ìyá wa ò bá ẹnikẹ́ni jà, àmọ́ wọ́n ru ànàmọ́ láti oko dé ọjà, wọ́n pọn omi, wọ́n gún iyán fún ilé tó kún fún ọkùnrin. Nígbà tí nǹkan wá ṣẹnuure fún ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní Èkó, ó gbẹ́ bóóhóòlù sí àgbàlá, ó fa omi dé ilé ìdáná, ó wá ọmọ ọ̀dọ̀. Ó wá pàṣẹ pé Ìyá ò gbọdọ̀ gbé nǹkan kan mọ́. Bí wọ́n bá nawọ́ sí bọ́kẹ́ẹ̀tì, ọmọ ọ̀dọ̀ á sáré já a gbà. Bí wọ́n bá fẹ́ dìde lọ bu omi mu, "Ìyá, ẹ jókòó, ẹ jókòó!" Àwọn ará àdúgbò ń ṣàdúrà pé kí Ọlọ́run bùn wọ́n nírú ọmọ bẹ́ẹ̀.

Ibà ló tú àṣírí. Ó dá Ìyá dùbúlẹ̀ fún ohun tó lé ní ọ̀sẹ̀ kan. Ibà lọ tán, ẹsẹ̀ ò dáhùn. Wọn ò lè dìde lórí àga ìgbẹ́ àfi kí ẹnì kan di apá méjèèjì mú. Bí wọ́n bá forí kanlẹ̀ lórí ẹní ìrun, ibẹ̀ ni wọ́n á wà tí wọ́n á máa pe ọmọ. Àbúrò bàbá wa kan ti ń sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀ pé ọwọ́ ayé wà níbẹ̀, pé ká tètè wá nǹkan ṣe.

Ọmọ mi ní kò sí ọwọ́ ayé kankan. Ó ní ní 2007, àwọn oníṣègùn kan ní Amẹ́ríkà ní kí àwọn àgbà tí ara wọn dá ṣáṣá dùbúlẹ̀ sórí ibùsùn fún ọjọ́ mẹ́wàá péré. Ohun tí wọ́n pàdánù nínú ẹran ẹsẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kílò kan. Àwọn yẹn ò ṣàìsàn o! Ìyá wa ṣàìsàn, wọn ò jẹun, bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ọdún "ẹ jókòó" ti wà lẹ́yìn rẹ̀. Ibà kàn wá gba ìyókù ni.

Ó wá sọ ti Boston, ìlú kan ní Amẹ́ríkà, fún wa, ìyẹn ló sì mú kí n gbà. Dókítà Maria Fiatarone àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ sí ilé ìtọ́jú arúgbó, wọ́n mú àwọn tí ọjọ́ orí wọn jẹ́ bí àádọ́rùn-ún, ẹni tó dàgbà jù jẹ́ 96, wọ́n sì fi ẹ̀rọ mú kí wọ́n máa fi ẹsẹ̀ gbé ohun tó wúwo fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. Kì í ṣe ká kàn máa ju apá síwá sẹ́yìn o. Ìwọ̀n tí wọ́n ń gbé tó ìdá mẹ́jọ nínú mẹ́wàá ohun tó pọ̀ jù tí agbára kálukú ká. Agbára itan wọn fi ìdá 174 nínú ọgọ́rùn-ún lé sí i. Ọdún 1990 ni wọ́n tẹ èyí jáde. Ní 1994, wọ́n tún ṣe é pẹ̀lú ọgọ́rùn-ún arúgbó, wọ́n sì fún àwọn kan ní ohun mímu aṣaralóore láìjẹ́ kí wọ́n gbé nǹkan kan. Ti àwọn yẹn ò yí padà. Mo sọ èyí sétí gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ń kó agolo ohun mímu aṣaralóore wálé lọ́dún Iléyá.

Bó ṣe lọ ní Ọ̀fà nìyí. Wọ́n fi tìmùtìmù gbé àga sókè, Ìyá á jókòó, wọ́n á dìde, wọ́n á tún jókòó pẹ̀lẹ́. Lákọ̀ọ́kọ́, wọ́n ń fọwọ́ ti apá àga. Ọwọ́ kúrò níbẹ̀, lẹ́yìn náà tìmùtìmù kúrò. Wọ́n ń di férémù ilẹ̀kùn mú, wọ́n ń fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ dúró. Wọ́n ń gbé ike omi sókè. Nígbà tó rọrùn, a mú un wúwo sí i, torí iṣan tí nǹkan ò bá le fún kì í yí padà. Nǹkan tètè ń hàn, kí ẹran tó kún rárá, torí ọpọlọ ló kọ́kọ́ ń tún ọ̀nà tó fi ń pe iṣan ṣe. Ọjọ́ kan ìṣe, ọjọ́ kan ìsinmi.

Ẹ̀gbọ́n mi gbọ́, ó pè. "Ṣé ẹ fẹ́ kí aráyé máa sọ pé mo fi ìyà jẹ ìyá mi ni? Kí ni mo wá ń sanwó ọmọ ọ̀dọ̀ sí?" Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú. Owó yín ò ṣòfò, kí ọmọ ọ̀dọ̀ máa fọ ilé. Ṣùgbọ́n bọ́kẹ́ẹ̀tì Ìyá, ẹ dá a padà." Kò dùn mọ́ ọn. Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ló ń dà á láàmú. Nílẹ̀ wa, ìsinmi àgbà ni àmì pé ọmọ là, ibẹ̀ gan-an ni mo sì ti bá gbogbo wa wí.

Oúnjẹ náà ní tirẹ̀. Àwọn onímọ̀ ń dámọ̀ràn fún àgbà pé kí purotéènì, èròjà oúnjẹ tó ń kọ́ iṣan, tó gíráàmù 1.0 sí 1.2 fún kílò ara kọ̀ọ̀kan lójúmọ́. Ẹni ọgọ́ta kílò yóò jẹ nǹkan bíi 60 sí 72. Ẹyin kan ní bíi mẹ́fà. Ànàmọ́ òòjọ́ nílùú wa ò ní tó bẹ́ẹ̀, ọkà pẹ̀lú ẹja bíńtín kan kò lè dé ibẹ̀. Gbẹ̀gìrì tó ki, mọ́ín-mọ́ín, ẹja, àti wàrà tí àwọn obìnrin Fúlàní ń kiri ní Ìlọrin níbí, àwọn ni mo ń rọ̀ yín sí. Bí kíndìnrín bá ní wàhálà, dókítà ni kó sọ iye tí ẹ máa jẹ.

Mo tún ń wo àga rọ́bà tó ń pọ̀ sí i nínú sàfù mọ́ṣáláṣí wa. Ẹni tí ara rẹ̀ kò yá, Ọlọ́run ti ṣe é ní ìrọ̀rùn fún un, kò sí ẹni tó lè bá a wí. Ṣùgbọ́n mo mọ àwọn tó gbé àga torí pé ọ̀rẹ́ wọn gbé e. Ìrun ọ̀ranyàn márààrún jẹ́ rákà 17 lójúmọ́. Ẹni tó bá ń ti ilẹ̀ dìde níbẹ̀ láìdi nǹkan mú ń ṣe iṣẹ́ tí àwọn kan ń sanwó fún ní jíìmù.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ ibi tí ẹ wà, ẹ káwọ́ gbera láyà, ẹ dìde lórí àga ẹ̀ẹ̀marùn-ún, kí ẹnì kan máa wo aago fóònù. Bó bá lé ní ìṣẹ́jú àáyá 15, tàbí tí ẹ ò lè ṣe é tán, agbára ẹsẹ̀ ti ń relé nìyẹn. Àjọ ìlera àgbáyé ní kí àwọn tó ti pé ọdún 65 máa ṣe eré ìdárayá tó ń mú agbára àti ìdúróṣinṣin wá, ó kéré tán ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ ò tíì rọlẹ̀, tàbí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣiṣẹ́ abẹ fún, kí ó kọ́kọ́ rí dókítà. Ẹ má sé èémí bí ẹ bá ń dìde. Ẹ má lo àga rọ́bà yẹn, ó máa ń yọ̀; ẹ lo ti igi, kí ẹ sì fẹ̀yìn rẹ̀ ti ògiri.