Iná ọdún l'Ékòó: ibi tí ẹ ó sùn ni kí ẹ kọ́kọ́ wá

Sátidé, Abẹ́òkúta. Ọyẹ́ ti dé. Eruku ti bo orí páànù láti Ìtòkú dé Sápọ́n, àwọn ọmọdé sì ti ń fi ìka ka iye ọjọ́ tó kù sí Kérésìmesì. Àsìkò yìí ni ìbéèrè kan máa ń jáde nínú ọ̀pọ̀ ilé: "Ṣé a ò ní lọ wo iná l'Ékòó lọ́dún yìí ni?" Iná tí wọ́n ń wí ni ti òpópónà Ajose Adeogun ní Victoria Island, èyí tí báǹkì Zenith máa ń tàn sára igi àti òpó títì náà lóṣù Kejìlá.

Bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ kò tó ìdáhùn. Níbo lẹ ó sùn? Ẹni tó bá ti rí ìyẹn dáhùn ti ṣe ìdajì ètò. Àlọ ni gbogbo ayé máa ń ṣètò: aṣọ, oúnjẹ, ọkọ̀, ibi tí wọ́n ti fẹ́ ya fọ́tò. Ó di aago mọ́kànlá alẹ́, àbíkẹ́yìn ti sùn sí èjìká bàbá rẹ̀, ẹsẹ̀ Màmá àgbà ti wú, ìgbà yẹn ni wọ́n wá ń béèrè ọkọ̀ Abẹ́òkúta. Ọkọ̀ ojú irin kì í gbéra l'Ékòó lóru. Ojú títì ò kúkú lọ síbì kan, kò ju nǹkan bíi kìlómítà 100 lọ, àmọ́ awakọ̀ tó ti wà nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ láti ọ̀sán kọ́ ló yẹ kó máa gbé ọmọ kọjá ní Ṣàgámù ní aago méjì òru.

Orí Mainland ni kí ẹ sùn: Yábàá, Èbúté-Mẹ́ta tàbí Sùúrùlérè. Yàrá òtẹ́ẹ̀lì Island lóṣù Kejìlá, ẹ má wulẹ̀ béèrè. Yàtọ̀ sí owó, ẹni tó sùn sí Èbúté-Mẹ́ta ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ ojú irin tí yóò gbé e padà wálé láàárọ̀. Tó bá jẹ́ ilé ẹbí ni, ẹ sọ fún wọn ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, ẹ sì di láfún àti ìrẹsì ọ̀fadà kóńgò méjì dání. Ẹ̀gbá tó bá dé ilé ará Èkó lọ́wọ́ òfo lásìkò ọdún, ẹ mọ ohun tí wọ́n máa sọ tó bá ti yẹra tán.

Ẹ jẹ́ kí n fi ìdílé ẹlẹ́ni méje ṣe àpẹẹrẹ: Màmá àgbà, tọkọtaya, ọmọ mẹ́rin tí àbíkẹ́yìn wọn jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rin.

Àlọ ò le. Ibùdó ọkọ̀ ojú irin Wọlé Ṣóyínká wà ní Láderìn, kì í ṣe àárín ìlú, nítorí náà ẹni tó ń bọ̀ láti Kútọ̀ tàbí Lafẹ́nwá kò gbọdọ̀ kúrò nílé nígbà tó bá ku wákàtí kan péré kí ọkọ̀ gbéra. Ẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì àlọ àti àbọ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ìjókòó ọ̀sẹ̀ Kérésìmesì máa ń tán, ti àbọ̀ ló sì máa ń kọ́kọ́ dun ènìyàn. Ibùdó Mobọ́lájí Johnson ní Èbúté-Mẹ́ta lẹ ó bọ́ sí. Àṣìṣe kan wà tó wọ́pọ̀ níbẹ̀: àwọn kan rò pé ojú irin yìí ni yóò gbé wọn dé Marina. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ojú irin Blue Line, tó bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò ní oṣù Kẹsàn-án 2023, láti Mile 2 ló ti ń lọ sí Marina, kò sì kan Èbúté-Mẹ́ta rárá. Ọkọ̀ CMS, tó ń kọjá sí Island, lẹ ó wọ̀. Tó bá jẹ́ BRT, bọ́ọ̀sì ńlá tó ní ọ̀nà tirẹ̀, káàdì Cowry ni wọ́n ń gbà, kì í ṣe owó ọwọ́. Ẹ ti rà á, ẹ sì ti kó owó sí i kí ẹ tó débẹ̀, nítorí ìlà àwọn tó fẹ́ kówó sí káàdì máa ń gùn ju ìlà àwọn tó fẹ́ wọkọ̀ lọ.

Ẹni tó ní mọ́tò tirẹ̀ lè gba Ìfọ̀ sí Sángò-Ọ̀tà, tó kúrú ṣùgbọ́n tó kún fún kòtò, tàbí kó yí gba Ṣàgámù, tó jìn ṣùgbọ́n tí táyà fẹ́ràn jù. Kí ẹ tó gba Ṣàgámù, ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá àwọn Rìdíìmù ń pàdé ní ibùdó wọn lójú ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn. Ìpàdé ńlá wọn oṣù Kejìlá lè dá mọ́tò dúró fún wákàtí púpọ̀.

Afárá mẹ́ta ló so Mainland pọ̀ mọ́ Island: Carter, Eko, àti Third Mainland tó gùn ní kìlómítà 11.8. Ní ọjọ́ iṣẹ́ lásán, ìrọ̀lẹ́ ni èrò máa ń tú kúrò ní Island, ẹni tó bá ń wọlé nígbà yẹn á rí ọ̀nà gbà. Lóṣù Kejìlá, àwọn òṣìṣẹ́ ń jáde, àwọn olóde àríyá ń wọlé, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì á wá dì pọ̀ láti nǹkan bí aago márùn-ún. Nítorí náà, ẹ kọjá afárá kí aago mẹ́ta tó lù. Èkó ò gba gbẹ̀rẹ́, ọ̀rọ̀ àwọn àgbà ni.

Kí lẹ ó wá máa ṣe láti aago mẹ́ta títí ilẹ̀ yóò fi ṣú? Oníkan. Ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ìjọba àpapọ̀ wà níbẹ̀ láti 1957, ilé àṣà Yorùbá tí wọ́n fi orúkọ J.K. Randle sọ náà sì wà nítòsí. Ẹ mú ọ̀kan, kì í ṣe méjèèjì. Ọmọ ọdún mẹ́rin tó bá rìn jù lọ́sàn-án kò ní lè wo iná lálẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ kọjá sí Freedom Park ní Broad Street. Ọgbà ẹ̀wọ̀n ìjọba òyìnbó ni ibẹ̀ tẹ́lẹ̀, kí wọ́n tó sọ ọ́ di ọgbà ìgbafẹ́ ní 2010. Ó ní ìjókòó, ó ní àwọn tó ń ta oúnjẹ, ó ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ohun mẹ́ta tí Màmá àgbà nílò nìyẹn, ọgbà tó sì ní mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ ṣọ̀wọ́n ní Island. Ẹ jẹun níbẹ̀ láàárín aago márùn-ún sí mẹ́fà. Kí gbogbo ọmọ tọ̀ kí wọ́n tó jáde, ẹni tó ní òun ò gbọ́nsẹ̀ náà, kó lọ gbìyànjú ná.

Oòrùn máa ń wọ̀ l'Ékòó ní nǹkan bí aago mẹ́fà ààbọ̀ kọjá díẹ̀ lóṣù Kejìlá. Kí ẹ ti dé Ajose Adeogun ní aago méje. Aago mẹ́sàn-án ni ọ̀pọ̀ èrò máa ń dé, àwọn tí wọ́n jẹun alẹ́ nílé kí wọ́n tó jáde. Wákàtí méjì yẹn ni ìyàtọ̀ láàárín ìdílé tó rí iná àti ìdílé tó rí ẹ̀yìn orí àwọn ẹlòmíràn. Ẹ má jẹ́ kí mọ́tò gbé yín wọ inú òpópónà náà, nítorí ibẹ̀ ló máa há mọ́. Ẹ bọ́ sílẹ̀ ní títì tó jìnnà díẹ̀, kí ẹ fẹsẹ̀ rìn dé ibẹ̀.

Ọ̀rọ̀ aṣọ ni mo ti fẹ́ dé láti àárọ̀. Ankó ìdílé kì í ṣe fún fọ́tò nìkan, òun lẹ ó fi rí ọmọ yín láàárín èrò. Ìtòkú ò jìnnà sí wa, àdìrẹ sì kún ibẹ̀, àmọ́ èyí tó dára lọ́sàn-án kọ́ ló dára lóru. Ẹlẹ́kọ, àdìrẹ tí wọ́n fi ẹ̀kọ ya àwòrán sí, tí aró rẹ̀ dúdú kirikiri, tí àwòrán rẹ̀ rọra hàn lábẹ́, arẹwà ni. Tí ilẹ̀ bá ṣú, ọmọ tó wọ̀ ọ́ di òjìji. Oníko ni kí ẹ mú, èyí tí wọ́n fi okùn so tí òbíríkítí funfun rẹ̀ tóbi. Iná mọ́tò kan bá kọjá lára rẹ̀, ẹ ó rí i lọ́ọ̀ọ́kán.

Yáàdì márùn-ún ni wọ́n máa ń dì ní ìdì kan. Bùbá àgbà ń gba yáàdì méjì ààbọ̀; àgbà mẹ́ta, méje ààbọ̀. Ti ọmọdé, yáàdì kan ààbọ̀. Ọmọ mẹ́rin, mẹ́fà. Àpapọ̀ jẹ́ mẹ́tàlá ààbọ̀. Ìdì mẹ́ta ni kí ẹ rà, yáàdì kan ààbọ̀ á ṣẹ́kù, ìyẹn á tó Màmá wé gèlè. Kí ìdì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti inú ìkòkò aró kan náà wá, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọ̀kan á pọ́n, ọ̀kan á ṣì. Kí ẹ tó gbé e fún télọ̀, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi tútù, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ da omi nù, ẹ tún fọ̀ ọ́, títí omi rẹ̀ yóò fi mọ́. Ọ̀pọ̀ máa ń bu iyọ̀ sí i, kò burú, ṣùgbọ́n fífọ̀ léraléra yẹn ló ń ṣiṣẹ́ náà. Àdìrẹ tí a kò fọ̀ tí òógùn Èkó bá kàn, ọrùn ọmọ ló máa pa láró. Kí télọ̀ rán àpò kékeré kan sí inú bùbá ọmọ kọ̀ọ̀kan, lápá òsì, kí ẹ ki bébà sí i tí nọ́ńbà fóònù méjì wà nínú rẹ̀. Méjì, kì í ṣe ẹyọ kan, torí fóònù kan lè kú.

Láàárín èrò, ẹ má pín ọmọ ní "ẹ máa wò wọ́n". Ẹ dárúkọ. Bàbá ló ni àbíkẹ́yìn àti èyí tó tẹ̀lé e, ìyá ló ni àwọn ẹ̀gbọ́n wọn méjì, Màmá ò ní ọmọ kankan lọ́wọ́. Ara rẹ̀ nìkan ni iṣẹ́ tirẹ̀. Ọmọ tó bá jẹ́ ti gbogbo ènìyàn ló máa ń sọnù. Ẹ yan ibi ìpàdé kan tí kò lè rìn: géètì ilé ńlá kan, kì í ṣe ọkọ̀ oníáìsìkiriìmù. Nẹ́tíwọ̀kì máa ń ṣòro níbi tí èrò bá pọ̀ sí, nítorí fóònù gbogbo wọn ń du òpó kan náà. Tí ìpè kò bá wọlé, ẹ fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́, ó máa ń gba àárín kọjá. Nítorí èyí náà, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé tíráńsífà. Owó wẹ́wẹ́, kí ẹni méjì pín in gbé.

Oúnjẹ àti omi ò gba àlàyé púpọ̀. Ẹ má di mọ́ínmọ́ín dání, ooru á mú kó kan kí ẹ tó kọjá Èbúté-Mẹ́ta. Ìpékeré àti ẹ̀pà tó. Píọ̀ wọ́tà mẹ́jọ fún ẹni méje, kò gbọdọ̀ jù bẹ́ẹ̀, nítorí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ti jìnnà. Kádígàn fún Màmá. Atẹ́gùn òkun pẹ̀lú ọyẹ́ kì í ṣe eré. Àwọn ọmọ lè fẹ́ wọkọ̀ ojú omi lọ sí Tarkwa Bay; ọ̀sán ni ìyẹn, lọ́jọ́ mìíràn, pẹ̀lú ẹ̀wù tó ń mú ni léfòó lórí omi, tó bá ara ọmọ mu. Kì í ṣe lálẹ́.

Aago mẹ́jọ ààbọ̀, ẹ ti ń kúrò níbẹ̀. Ẹni méje kò lè wọ mọ́tò Bolt kan. Méjì ni, owó rẹ̀ sì máa ń fò sókè bí iye ẹni tó ń pè é bá ti ju mọ́tò tó wà nítòsí lọ. Ẹ fẹsẹ̀ rìn jáde kúrò láàárín iná ná kí ẹ tó pè é. Awakọ̀ tó rí i lórí fóònù pé òun ní láti wọ inú èrò yẹn á kàn fagi lé e. Ẹ wo àmì tó wà lórí máàpù dáadáa: ó máa ń bọ́ sí òdìkejì títì, awakọ̀ á wá lọ yípo fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ọkada ò sí fún ìrànlọ́wọ́, wọ́n ti fòfin dè é ní Island láti oṣù Kẹfà 2022.

Èyí tí mo fara mọ́ jù ni Sienna tí ẹ háyà láti Oníkan, tó gba èrò méje, tí ẹ sì ti dúnàádúrà rẹ̀ láti ọ̀sán nígbà tí awakọ̀ ò tíì mọ̀ pé ó ti rẹ̀ yín:

"Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́. Háyà ni o. Ẹni méje, láti ibí sí V.I., kí ẹ dúró dè wá, kí ẹ wá já wa sí Yábàá."

"Aago mélòó lẹ máa ṣetán?"

"Mẹ́jọ ààbọ̀."

"Ìyá, gbogbo ènìyàn ló ń sọ mẹ́jọ ààbọ̀."

Ẹ san ìdajì, kí ìdajì yòókù dúró di Yábàá. Ẹ ya fọ́tò nọ́ńbà mọ́tò náà, ẹ bi í níbi tó máa dúró sí, kí ẹ sì fi ojú rí ibẹ̀.

Ohun tó kù lọ́sẹ̀ yìí ni àdìrẹ. Ọjọ́ Ajé ni kí ẹ lọ sí Ìtòkú, kí ẹ fọ̀ ọ́ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, kó dé ọwọ́ télọ̀ ní Ọjọ́rú. Tó bá jẹ́ ọjọ́ kẹrìnlélógún lẹ fẹ́ wọ̀ ọ́, ọjọ́ kẹrìndínlógún ni kí ẹ sọ fún un.