Igi tíìkì Bàbá mi ní Kétu àti wákàtí 200 lójú ọ̀run

Àárọ̀ Sátidé ni mo kúrò ní Àjàṣẹ́. Ọyẹ́ mú gan-an, eruku bo òòrùn, ojú ọ̀nà funfun bí ìgbà tí wọ́n da èlùbọ́ sí i. Ní Ouando ni mo ti wọ tasí, wọ́n há mi sáàárín lẹ́yìn, mo gbé fáìlì mi lé itan. A kọjá Sakété, a kọjá Pobè. Nígbà tí igi tíìkì bẹ̀rẹ̀ sí í tò lọ́tùn-ún lósì, mo mọ̀ pé mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ délé.

Ìwé ilé-ẹ̀kọ́ awakọ̀ bàálù láti ibi mẹ́rin ló wà nínú fáìlì náà: Zaria, Gúúsù Áfríkà, Florida àti ilẹ̀ Faransé. Bàbá mi ti sọ pé kí n wá fẹnu ara mi ṣàlàyé fún òun àti Bàbá Kékeré kí òun tó ta igi láti fi san owó ẹ̀kọ́ náà. Ọdún tí wọ́n bí mi ni Bàbá gbin àwọn igi yẹn. Mo ti di ẹni ọdún 23 báyìí.

Mo kúnlẹ̀ kí wọn. Ìyá mi gbé àmàlà wá, kò sì sí ẹni tó dárúkọ bàálù títí a fi fọwọ́. Lẹ́yìn náà ni Bàbá wá ní, "Ó yá, kó ìwé rẹ jáde."

Mo ṣàlàyé pé CPL ni mò ń wá, ìwé àṣẹ tí ènìyàn fi ń wa bàálù gbowó. Òfin ICAO, àjọ àgbáyé tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ọkọ̀ òfuurufú, ni pé kí akẹ́kọ̀ọ́ ti pé ọdún 18, kó sì ti fò fún wákàtí 200, tàbí 150 tó bá jẹ́ pé abẹ́ ètò kan ṣoṣo tí ìjọba fọwọ́ sí ló ti kẹ́kọ̀ọ́ tán. Ní Amẹ́ríkà, 250 ni, tàbí 190 ní ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń pè ní Part 141. Nínú wákàtí ti ICAO, ìrìn kan gbọ́dọ̀ wà tó tó kìlómítà 540, tí akẹ́kọ̀ọ́ fúnra rẹ̀ máa jẹ́ ọ̀gá ọkọ̀, tí yóò sì balẹ̀ sí pápá méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lọ́nà.

Bàbá Kékeré, tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún wa ọkọ̀ ẹrù, pariwo. "Ìyẹn ju Kútọnù sí Parakou lọ!"

Bàbá mi ò sọ̀rọ̀. Ó gbójú sókè, ó wo ojú ọ̀run tó ṣú fún eruku. "Nínú irú ọyẹ́ yìí, ṣé wọ́n á jẹ́ kí o fò?"

Ẹnu mi wọhò. Láti oṣù mélòó kan ni mo ti ń fi iye owó wé iye owó, n kò fi ojú ọjọ́ wé ojú ọjọ́ rí. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ gbọ́dọ̀ máa rí ilẹ̀ kedere. Bí kò bá rí i, bàálù á wà nílẹ̀, òun náà á jókòó, owó yàrá àti owó oúnjẹ ò sì ní jókòó dè é. Ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba Nàìjíríà tó wà ní Zaria ti wà láti 1964, òun ló sì sún mọ́ wa jù, ṣùgbọ́n ọyẹ́ tibẹ̀ le ju tiwa lọ. Florida ní tiẹ̀, ààrá máa ń sán níbẹ̀ lọ́sàn-án nígbà ooru wọn. Agbègbè Johannesburg máa ń mọ́ kedere láti oṣù karùn-ún sí oṣù kẹjọ. Ibẹ̀ ga ju òkun lọ ní bíi mítà 1,700, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ fẹ́lẹ́, bàálù kékeré máa ń tiraka kó tó gbéra. Mo fẹ́ kọ́ ìyẹn níbi tó ti ṣòro.

Mo yọ ilẹ̀ Faransé kúrò fúnra mi, ó sì dùn mí, nítorí èdè wọn ni mo fi kàwé. Ìdánwò inú kíláàsì tí Yúróòpù ń béèrè jẹ́ 13, ẹni tó bá sì gba ìwé àṣẹ níbòmíràn ṣì máa padà ṣe gbogbo rẹ̀ kó tó lè ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ wọn. Ẹni tó bá fẹ́ gbé ibẹ̀, kó tètè gba ibẹ̀ lọ. Ìwọ̀-oòrùn Áfríkà ni mo fẹ́ ti máa fò ní tèmi. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ò dẹ́rù bà mí. Ìpele 4 ni ICAO ń béèrè fún ẹni tó ń fò kọjá ààlà, àwọn ìsinmi tí mo lò lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá mi ní Ìmẹ̀kọ, ní Nàìjíríà, ló sì fún mi ní tèmi.

Ó wá ku owó. Lọ́dún tó kọjá, alágbàtà kan ní Kútọnù gba owó àsansílẹ̀ lọ́wọ́ mi. Kò sọ pé owó ìdánwò, ẹ̀kọ́ bàálù ẹlẹ́ńjìnnì méjì àti ti fífi irinṣẹ́ nìkan fò nínú ìkùukùu kò sí nínú iye tó pè, bẹ́ẹ̀ iléeṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú kì í sábà gba ènìyàn láìsí ẹ̀kọ́ méjèèjì yẹn. Owó náà kò padà. Bí mo ṣe ń sọ ọ́, omi bọ́ lójú mi níwájú Bàbá.

Ó ní, "Ẹni tó ń ra igi lọ́wọ́ mi, ṣé ó máa ń san gbogbo owó kí n tó gé ẹyọ kan?"

"Rárá, Bàbá."

"Kí ló dé tí ìwọ fẹ́ san tìrẹ tán?"

A fẹnu kò síbẹ̀. Gúúsù Áfríkà ni, ilé-ẹ̀kọ́ tó bá gbà kí n máa san díẹ̀díẹ̀ bí mo ṣe ń fò ni màá sì lọ. Ṣùgbọ́n kí n tó san kọ́bọ̀, màá lọ bá ANAC Bénin, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ọkọ̀ òfuurufú nílẹ̀ wa, kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n máa béèrè sínú ìwé fún mi bí mo bá gbé ìwé àṣẹ tibẹ̀ padà wálé. Màá sì kọ́kọ́ ṣe àyẹ̀wò ara onípele kìíní: ojú, etí, ọkàn. Bí ojú mi bá ní àbùkù tí wọn ò gbà, kí igi Bàbá ṣì wà lórí ìdúró.

Lówùúrọ̀ Sunday, kí n tó padà, a gba ẹ̀gbẹ́ Akaba Ìdẹ̀na, ẹnubodè àtijọ́ ìlú Kétu, kọjá lọ sóko. Bàbá mú àdá dání. Ó ń fọwọ́ gbá igi kọ̀ọ̀kan, ó ń wò ó dókè, ó ń gé àmì kékeré sára èyí tó yẹ ní títà. Mo tẹ̀ lé e, mo ń kà wọ́n sínú ìwé mi. Nígbà tó dé ìlà tó wà létí ọ̀nà, ó dúró, ó fi àdá sábẹ́ apá.

"Ìwọ̀nyí dìgbà tí dókítà bá ti sọ̀rọ̀," ó ní.