Irin inú òkúta mábù: ẹ̀kọ́ fún ẹ̀yin tó ń kọ́ iṣẹ́ ọnà Gíríìsì àti Róòmù

Ẹ̀yin àbúrò mi, ìparí sáà tún ti dé, iṣẹ́ yín ti ń wọlé, àṣìṣe tí àwọn tó ṣíwájú yín ṣe náà lẹ tún ń ṣe. N kò ní jókòó máa ṣàlàyé ìyàtọ̀ oríṣi òpó mẹ́ta tí à ń pè ní Doric, Ionic àti Corinthian. Ẹni tó ti dé ọdún kejì tí kò tíì mọ ìyẹn, kó padà lọ bá ìwé rẹ̀. Ẹ̀kọ́ mẹ́fà ni mo fẹ́ tò sílẹ̀.

Èkíní: ẹ yéé ya òpó Parthenon, tẹ́ńpìlì orí òkè Acropolis ní ìlú Áténì, bí àgbá. Òótọ́ ni pé ara òpó náà wú díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ fi ìwọ̀n sí i. Òpó kan ga tó mítà 10.4, ìbú rẹ̀ nísàlẹ̀ jẹ́ mítà 1.9, lókè nǹkan bíi 1.48. Wíwú tí gbogbo ayé ń pariwo yẹn kò ju nǹkan bíi mìlímítà 17 lọ kúrò lórí ìlà tó tọ́. Tí ẹ bá ń yà á ní 1:50, ìyẹn mìlímítà kan lórí bébà dípò àádọ́ta, mìlímítà 17 ti di ìdá kan nínú mẹ́ta mìlímítà kan, ìyẹn ojú ìlà pẹ́ńsù tó mú dáadáa. Ẹni tí wíwú òpó rẹ̀ bá hàn kedere ní 1:50 ti purọ́. Ó di 1:10 kí ẹ tó fi hàn. Bẹ́ẹ̀ náà ni pèpéle tí àwọn òpó dúró lé: ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tó gùn tó mítà 69.5 fi nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 11 ga láàárín ju igun lọ, ẹ̀gbẹ́ kúkúrú sì fi nǹkan bíi 6 ga. Ní 1:100, mìlímítà kan péré nìyẹn.

Ohun tó yẹ kó hàn ni ẹ kì í fi hàn. Àlàfo láti àárín òpó kan sí àárín èkejì tó nǹkan bíi mítà 4.3, àyàfi ní igun, níbi tó ti sún kì di nǹkan bíi 3.7. Òpó igun fúnra rẹ̀ sì sanra díẹ̀ ju àwọn yòókù lọ. Ọgọ́ta sẹ̀ǹtímítà ni mò ń sọ, ó hàn ní ìwọ̀n èyíkéyìí. Àmọ́ òpó kan ṣoṣo lẹ yà, ẹ wá dà á kọ lórí kọ̀ǹpútà lẹ́ẹ̀mẹjọ, ẹ pín àlàfo rẹ̀ dọ́gba, ẹ sì fi orúkọ Iktinos, ọ̀kan nínú àwọn tó ya àwòrán ilé náà, sábẹ́ rẹ̀.

Èkejì: ère funfun. Àwọ̀ wà lára wọn nígbà tí wọ́n jẹ́ tuntun, búlúù àwọn ará Íjíbítì àti amọ̀ pupa wà lára ohun tí wọ́n lò. Ẹ sì máa kọ ohun tí ẹ ń wò sábẹ́ àwòrán. Doryphoros, ère ọkùnrin tó gbé ọ̀kọ̀, tó wà ní Naples kì í ṣe iṣẹ́ ọwọ́ Polykleitos, agbẹ́gilére ará Gíríìsì tí a mọ̀ ọ́n mọ́. Idẹ ni Polykleitos lò, idẹ oníhò inú sì lè dá dúró lórí ẹsẹ̀ méjì. Ẹni tó fi mábù dà á kọ nígbà àwọn ará Róòmù ló gbẹ́ kùkùté igi tì í lẹ́sẹ̀, torí ọrùn ẹsẹ̀ mábù kò lè dá gbé irú ìwúwo bẹ́ẹ̀. Kùkùté yẹn lẹ ń yà bíi pé ó nítumọ̀ ìjìnlẹ̀. Ẹ má sì fi Gíríìsì ṣe òṣùwọ̀n orí idẹ Ifẹ̀. Ní 1910, Leo Frobenius, olùwádìí ará Jámánì, rí orí Olókun ní Ifẹ̀, ó ní iṣẹ́ àwọn ará Atlantis inú ìtàn Gíríìkì ni, pé kì í ṣe ti baba ńlá àwọn tó bá ńlẹ̀ níbẹ̀. Ó ti ní ìdáhùn lọ́wọ́ kó tó wo nǹkan náà.

Ẹ̀kẹta: kí ẹ tó fọwọ́ kan òkúta, ìbáà jẹ́ pẹ́ńsù ló wà lọ́wọ́ yín tàbí òòlù, ẹ wádìí ohun tó so ó mọ́ èkejì rẹ̀. Ẹ kì í ṣe é. Òjìji lẹ fi gbogbo òru yà, ojú ìsopọ̀ kò sí níbì kankan. Ẹ fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, ẹ ń pa làpálàpá.

Ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ síbí. Láti 447 sí 432 ṣáájú ìbí Kristi ni wọ́n fi kọ́ Parthenon, wọn kò fi àpòrọ́ kankan sáàárín òkúta. Òkúta mábù láti òkè Pentelikon ni, wọ́n gé e tó bẹ́ẹ̀ tí ojú méjì fi lẹ̀ mọ́ra láìsí àyè fún abẹ fẹ́lẹ́. Etí ni wọ́n dán. Àárín, wọ́n fá a wọlé díẹ̀ kó má baà di etí lọ́wọ́ láti pàdé. Láàárín ègé òpó kan àti èyí tó wà lórí rẹ̀, ihò onígun mẹ́rin wà nínú méjèèjì, wọ́n ki igi bọ̀ ọ́, ọ̀pá igi roboto sì wà láàárín igi méjèèjì láti mú kí ègé náà jókòó sójú ibi tó yẹ. Ní ti ògiri àti òkúta ìdábùú tó wà lórí òpó, irin ni wọ́n fi dè wọ́n. Irin ìdè náà ní orí bíi lẹ́tà T ní ìpẹ̀kun méjèèjì, orí kan nínú òkúta kan, orí kejì nínú òkúta kejì.

Ibẹ̀ ni ọgbọ́n wà. Wọ́n gbẹ́ ojú ihò tó fẹ̀ ju irin lọ yí ká. Wọ́n jẹ́ kó gbẹ dáadáa, torí bí omi bá ṣẹ́kù nínú rẹ̀, òjé gbígbóná yóò ta sókè sójú ẹni tó ń dà á. Wọ́n fi irin sáàárín, wọ́n wá da òjé yíyọ́ lé e títí tó fi bò ó mọ́lẹ̀. Òjé ń yọ́ ní ìwọ̀n ooru 327 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ìyẹn kò tó nǹkan sí irin. Bí òjé ti ń tutù ló ń súnkì, nítorí náà ó yẹ kí a fi òòlù tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kí àyè kankan má ṣẹ́kù. Iṣẹ́ méjì ni òjé yìí ń ṣe: kò jẹ́ kí omi àti afẹ́fẹ́ dé ara irin, bí ilẹ̀ bá sì mì, rírọ̀ rẹ̀ ń gba ìkìmọ́lẹ̀ náà kó tó dé ara mábù. Lẹ́yìn ohun tó lé ní ẹgbàá ọdún, a ṣì ń rí irin tó mọ́ nínú òjé rẹ̀.

Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹsàn-án 1687, àwọn ọmọ ogun Venice ju ìbọn arọ̀ lu ilé náà, ẹ̀tù tí àwọn Tọ́kì tó ń ṣàkóso Áténì nígbà náà kó pamọ́ síbẹ̀ gbiná, àárín ilé fọ́, òpó ẹ̀gbẹ́ méjèèjì wó. Láti 1801 ni àwọn èèyàn Lord Elgin, aṣojú Ìlú Ọba lọ́dọ̀ àwọn Tọ́kì, tún bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí ère kúrò lára rẹ̀, ìjọba Ìlú Ọba sì rà wọ́n lọ́wọ́ rẹ̀ ní 1816. Ìyẹn lẹ mọ̀, ìyẹn lẹ máa ń kọ. Èyí tí ẹ kì í kọ ni èyí tí olùtúnṣe ṣe.

Nikolaos Balanos, onímọ̀ ẹ̀rọ ìkọ́lé, ló ń darí iṣẹ́ àtúnṣe lórí Acropolis láti 1898 títí dé nǹkan bíi 1940. Ó ṣiṣẹ́ lára tẹ́ńpìlì Erechtheion, lára ẹnubodè Propylaia, ó sì gbé òpó ẹ̀gbẹ́ àríwá Parthenon dìde padà láti 1922 sí 1933. Ẹni tó bá wò ó láti òkèèrè yóò yìn ín: ohun tó wà nílẹ̀ látìgbà ìbúgbàù ti dìde dúró. Ṣùgbọ́n irin lásán ni Balanos lò, ó fi sìmẹ́ǹtì bò ó. Kò da òjé yí i ká. Níbi tó ti nílò agbára, ó gbẹ́ inú òkúta ìdábùú àtijọ́ kí ọ̀pá irin ńlá lè wọ inú rẹ̀. Níbi tí òkúta ti kán, ó gé ojú ibi tó kán tẹ́jú kí ègé tuntun lè bá a mu. Ó sì fi òkúta tó jọra ní ìwọ̀n pààrọ̀ ara wọn.

Ẹ padà wo ohun tí mo sọ nípa pèpéle tó ga láàárín. Òpó wọ̀nyẹn tún tẹ̀ sínú díẹ̀, nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 7. Ìyẹn ni pé wọn ò kàn ń ṣe ègé lọ́pọ̀ yanturu láìmọ ibi tí kálukú ń lọ. Ibi tí ègé kọ̀ọ̀kan yóò jókòó sí ni wọ́n gé e fún. Ègé tó tọ́ síbi òpó kan kò tọ́ síbi èkejì. Ohun gbogbo tí Balanos nílò láti mọ èyí wà níwájú rẹ̀: ihò irin àtijọ́, òjé tó ṣẹ́kù nínú wọn, ìwọ̀n etí ìsopọ̀. Inú òkúta tó ń gbé sókè náà ni ẹ̀kọ́ wà. Kò wò ó. Ó dá a lójú pé sìmẹ́ǹtì ìgbàlódé ju òjé ayé àtijọ́ lọ. Inú ń bí mi sí i títí di òní, torí kì í ṣe àìsí òye, àìbéèrè ni.

Ẹ gbọ́ bó ṣe bàjẹ́. Sìmẹ́ǹtì tuntun ń dáàbò bo irin, torí èròjà inú rẹ̀ kì í jẹ́ kí ìpẹtà bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n gáàsì kan nínú afẹ́fẹ́ tí à ń mí, carbon dioxide, ń wọ inú sìmẹ́ǹtì lọ díẹ̀díẹ̀, ó ń pa agbára ààbò yẹn. Nígbà tó bá dé ara irin, tí omi òjò náà gba ojú tínínrín wọlé, irin á dípẹtà. Àyè tí ìpẹtà ń gbà ju ìlọ́po méjì irin tó di ìpẹtà lọ. Mábù lágbára tí a bá gbé ẹrù lé e lórí, àmọ́ kò lè fara da ohun tó ń tì í láti inú síta. Ó là. Bó bá ti là, omi púpọ̀ sí i á wọlé, irin á tún wú. Ìtàn yìí kò ní ìdáwọ́dúró. Òkúta tí ìbúgbàù kò fọ́, irin olùtúnṣe fọ́ ọ.

Ní 1975 ni ìjọba Gíríìsì dá ìgbìmọ̀ sílẹ̀ fún ìtọ́jú Acropolis. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Erechtheion ní 1979, ọdún náà ni wọ́n gbé àwọn Caryatid, ère obìnrin tó dúró bí òpó níbẹ̀, wọ inú ilé kúrò nínú afẹ́fẹ́ olóró ìlú Áténì. Ẹ̀dà lẹ ń rí níbẹ̀ lónìí. Iṣẹ́ Parthenon bẹ̀rẹ̀ ní 1986. Èyí tó pọ̀ nínú làálàá wọn ni títú ohun tí Balanos tò: wọ́n ń sọ òkúta kalẹ̀, wọ́n ń yọ irin, wọ́n ń wá ibi tí òkúta kọ̀ọ̀kan ti wá gan-an. Titanium ni wọ́n fi rọ́pò irin, torí kì í dípẹtà, kì í sì í wú nínú ooru ju mábù lọ lọ́nà tó léwu. Wọ́n sì ṣírò ìdè tuntun náà kó lè jẹ́ pé bí ilẹ̀ bá mì gidigidi, ìdè ni yóò kọ́kọ́ jọ̀wọ́ ara rẹ̀, kì í ṣe òkúta. Níbi tí òkúta ti kán, wọn kò gé e tẹ́jú mọ́. Wọ́n fi P.O.P. mú ojú ibi tó kán, wọ́n gbẹ́ mábù tuntun láti Pentelikon kan náà kó bá gbogbo gegele rẹ̀ mu, wọ́n sì kọ ohun gbogbo tí wọ́n ṣe sílẹ̀ kí ẹni tó ń bọ̀ lè tú u láìfọ́ nǹkan kan.

Mo mọ̀ pé mo ní ẹ̀kọ́ mẹ́fà. Róòmù ni ìyókù ìbá dá lé, ẹ ó sì rí i nínú ìwé yín: orùlé Pantheon, tẹ́ńpìlì àtijọ́ kan ní ìlú Róòmù, kọnkéré tó fẹ̀ ní mítà 43.3, kò sí irin ìgbàlódé kankan nínú rẹ̀ láti dì í mú, òkúta wúwo wà nísàlẹ̀, òkúta oníhò fúyẹ́fúyẹ́ wà lókè. Kò sí irin tí yóò wú nínú rẹ̀.

Nínú ère kọnkéré tí ẹ̀yin ń ṣe fún ẹnu ọ̀nà ilé ìwé àti oríta, irin wà. Nítorí náà: kọnkéré tó bo rọ́ọ̀dù kò gbọ́dọ̀ dín ní mìlímítà 25, fún èyí tó máa wà níta, ẹ jẹ́ kó tó 40. Ní ìka ọwọ́, imú àti etí, tí kò lè ní ìnípọn bẹ́ẹ̀, ẹ má ki irin lásán sí i. Ẹ wá irin tí kì í dípẹtà tàbí idẹ. Ẹ má fi yanrìn etí òkun po kọnkéré, iyọ̀ inú rẹ̀ ń yára jẹ irin. Ẹ gé orí wáyà tí ẹ fi so rọ́ọ̀dù, kó má yọ jáde sójú ère. Tí ẹ bá sì rí ìlà pupa rúsúrúsú tó ń ṣàn lára ère tó ti wà tẹ́lẹ̀, ẹ má kùn ún, ẹ má fi sìmẹ́ǹtì lẹ̀ ẹ́. Ẹ fọ́ ojú ibẹ̀ títí ẹ ó fi dé ara irin tó mọ́, ẹ ha ìpẹtà rẹ̀ dànù yí ká, ẹ tó tún un dà.