Aṣọ Kan, Ọ̀pọ̀lọ́ Mẹ́rìnlá: Àyẹ̀wò Ọdún 2025

Ọjọ́ kejì oṣù kìíní ọdún yìí ni mo ṣí àpótí Ìyá Àgbà. Màmá mi ló ní kí n bá àwọn sá aṣọ inú rẹ̀ kí kòkòrò má baà dá batani sí i lára. Òórùn kánfọ̀ gbà mí nímú. Nísàlẹ̀ pátápátá, lábẹ́ àwọn léèsì àti àǹkárá, ni mo ti bá aṣọ olónà kan tí Ìyá Àgbà fi ọwọ́ ara wọn hun kí wọ́n tó bí màmá mi. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbọ́ pé wọ́n hun aṣọ nígbà èwe wọn. Mi ò fọwọ́ kan ọ̀kan rí.

Fún ẹni tí kò mọ aṣọ olónà Ìjẹ̀bú: obìnrin ló ń hun ún, lórí òfì tó dúró lóòró tí wọ́n ń gbé ti ògiri. Kì í ṣe òfì àwọn ọkùnrin tí aṣọ rẹ̀ máa ń rí tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó sì gùn lọ rẹrẹẹrẹ. Bí wọ́n ṣe ń hun ún lọ ni wọ́n ń ki òwú mìíràn bọ̀ ọ́, ibẹ̀ ni ọnà ti ń jáde: ọ̀nì, ejò, ọ̀pọ̀lọ́. Ìtàgbé, èyí tí àwọn Òṣùgbó, ẹgbẹ́ awo àwọn àgbà ìlú, àti àwọn olóyè ń gbé kọ́ èjìká, máa ń ní òwú tó yọ síta bí irun. Ṣàkì ni wọ́n ń pe ìyẹn, nítorí ó jọ ṣàkì inú ẹran. Aṣọ yìí rìn jìnnà láyé àtijọ́. Ó dé ọ̀dọ̀ àwọn Kalabari létí òkun, wọ́n sì fẹ́ràn rẹ̀ débi pé wọ́n fún un lórúkọ tiwọn, ikakibite, ìyẹn aṣọ ìjàpá. Orí mi máa ń wú tí mo bá rántí pé ohun tí obìnrin kan hun lẹ́bàá ògiri ilé rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú ti di ohun ìyì nílé onílé.

Ti Ìyá Àgbà kì í ṣe ìtàgbé. Ọ̀pọ̀lọ́ mẹ́rìnlá ló wà lára rẹ̀, méje lókè, méje nísàlẹ̀. Mo tẹ́ ẹ sórí bẹ́ẹ̀dì, mo jókòó tì í títí ilẹ̀ fi ṣú, mo sì sọ fún ara mi pé aṣọ yìí ni n ó yà lọ́dún yìí títí yóò fi jọ ara rẹ̀. Mo rò pé ọ̀sẹ̀ kan ni yóò gbà mí.

Tábílẹ́ẹ̀tì ni mo fi ń jẹun. Àwòrán ìwé ọmọdé ni iṣẹ́ mi, ó sì ti lé ní ọdún márùn-ún tí mo ti ń yà á bẹ́ẹ̀, nítorí náà òun ni mo kọ́kọ́ gbé. Mo ya ọ̀pọ̀lọ́ kan dáadáa, mo ṣe ẹ̀dà rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́tàlá, mo tò wọ́n. Kò gbà mí tó ogún ìṣẹ́jú. Ó mọ́ tónítóní, kò sì ní ẹ̀mí. Mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣọ, ìgbà yẹn ni ojú mi tó là. Kò sí ọ̀pọ̀lọ́ méjì tó bára dọ́gba lára aṣọ yẹn. Ẹ̀kẹta lókè, orí rẹ̀ tóbi ju ti àwọn tó kù lọ. Ìkeje ní ẹsẹ̀ kan tó kúrú, bíi pé òwú fẹ́ tán, àbí bíi pé ẹnì kan pe Ìyá Àgbà síta. Ìkẹwàá fẹ̀ bí aboyún. Ìyá Àgbà kò ṣe ẹ̀dà ohunkóhun. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rìnlá ni wọ́n bẹ̀rẹ̀.

Bí mo ṣe pa tábílẹ́ẹ̀tì tì fún aṣọ yẹn nìyẹn, tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá ohun mìíràn tí mo lè fi yà á.

Ọ̀dà olómi ló tẹ̀ lé e. Bébà tó nípọn, tí mítà kan níbùú àti lóòró rẹ̀ wọn gíráàmù 300, èyí tí omi kò ní jẹ́ kó ká kò, Èkó ni mo ti lọ rà á, nítorí mo wá a káàkiri Ìjẹ̀bú-Òde, mi ò rí i. Ó dùn mí. Ìlú yìí ni wọ́n bí Àìná Ọnàbólú sí ní 1882, ẹni tó fúnra rẹ̀ kọ́ àwòrán yíyà láti inú àwòrán ìwé òyìnbó, tó ti ya àwòrán Ìyáàfin Spencer Savage ní 1906, ọdún mẹ́rìnlá gbáko kó tó lọ kọ́ iṣẹ́ náà ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1920. Òun ló jà fún un kí wọ́n máa kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé wa ní àwòrán yíyà. Ọmọ tó bá fẹ́ yàwòrán ní ìlú rẹ̀ yẹ kó lè fẹsẹ̀ rìn lọ ra bébà. Mo ti bá ìyá kan tó ń ta ìwé àti bírò ní àdúgbò wa sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, n ó sì tún sọ ọ́.

Ọ̀dà olómi náà kò bá òjò ilẹ̀ wa mu. Láti oṣù kẹrin títí wọ oṣù kẹfà, ohun tí mo bá yà láàárọ̀ kò ní gbẹ títí di alẹ́, búlúù á sì ti ṣàn wọ inú funfun. Òwú kì í ṣàn. Èbu bo méjì nínú wọn kí n tó mọ̀.

Ọjọ́ kẹjọ oṣù kẹfà, ọjọ́ kẹta Iléyá, mo mú bírò méjì àti ìwé kékeré kan lọ sí Ojúde Ọba, ọdún tí àwa Ìjẹ̀bú fi ń lọ kí ọba wa. Bírò kò ṣeé pa rẹ́, ẹṣin kò sì mọ̀ pé ẹnì kan ń ya òun. Àwọn ìdílé balógun ń gun ẹṣin wọlé, àwọn régbérégbé, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn ọjọ́ orí kan náà, ń tò kọjá nínú aṣọ ẹgbẹ́ wọn, èmi ń fa ìlà láìwo bébà. Ojú ewé mẹ́tàdínlógún ni mo yà. Ẹṣin kan ní ẹsẹ̀ mẹ́fà nínú àwòrán mi, torí ó ti gbé ẹsẹ̀ kúrò kí n tó parí èyí tí mo ń yà. Mi ò tún un ṣe. Tí ẹ bá wò ó dáadáa, ẹṣin yẹn ló ń rìn jù nínú gbogbo wọn.

Ọjọ́ kẹtàlá oṣù keje, Kábíyèsí, Ọba Síkírù Káyọ̀dé Adétọ̀nà, Awùjalẹ̀ ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, wàjà. Láti 1960 ni wọ́n ti wà lórí ìtẹ́; ọ̀pọ̀ nínú wa kò mọ Awùjalẹ̀ mìíràn láyé wa. Ìwé bírò yẹn ni mo ṣí lálẹ́ ọjọ́ náà. Kò sẹ́ni tó mọ̀ nínú àwa tí a wà níbẹ̀ lóṣù kẹfà pé Ojúde Ọba tó kẹ́yìn nígbà ayé wọn ni à ń wò. Ẹni méjì ti bi mí pé èló ni mo fẹ́ ta ìwé náà. Kì í ṣe títà.

Oṣù kẹjọ ni mo débi tí ọdún yìí ti dùn mọ́ mi jù. Pupa kan wà lára aṣọ Ìyá Àgbà tí mi ò rí irú rẹ̀ nínú ọ̀dà kankan tí mo rà. Ó ń mú mi rántí osùn. Mo bá ra osùn ní ọjà Òkè-Ajé, mo lọ̀ ọ́ kúnná, mo pò ó mọ́ omi àti gọ́ọ̀mù. Ó dà bí ẹni po iyanrìn. Omi kò mú àwọ̀ rẹ̀. Tó bá sì gbẹ lórí bébà, á gbọ̀n dànù bí eruku. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi bá a jà kí n tó gbọ́ ìdí rẹ̀: pupa inú igi osùn kì í yọ́ nínú omi, inú ọtí ló ti ń yọ́. Mo gbéra lọ ra ògógóró. Ìyá tó ń tà á wò mí. “Ọmọ mi, láàárọ̀ yìí?” Mo ní àwòrán ni mo fẹ́ fi yà, mo sì ṣàlàyé fún wọn. Wọ́n gbọ́ ọ délẹ̀, wọ́n ní kí n mú un wá fún àwọn wò tó bá dára, wọ́n sì fi èènì lé e.

Mo da osùn sínú ọtí náà, mo dé ìgò pa. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, ó ti pọ́n ju ẹ̀jẹ̀ lọ. Mo ti bírọ́ọ̀ṣì bọ̀ ọ́, mo fa ìlà kan sórí bébà, mo gbé e ti aṣọ, mo sì pariwo pe màmá mi. Pupa náà nìyẹn.

Ṣùgbọ́n mo fẹ́ mọ̀ bóyá yóò pẹ́. Mo fa ìlà mẹ́jọ, mo fi páálí bo ìdajì, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ fèrèsé tí oòrùn ń pa. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà mo ṣí páálí kúrò. Ibi tí páálí bò ṣì pọ́n. Ibi tí oòrùn rí ti ṣá, ó dà bíi tíì tí wọ́n bu mílíìkì sí. Inú mi bàjẹ́ fún ọjọ́ méjì.

Nígbà tí mo lọ kí ẹ̀gbọ́n mi kan ní Òkè-Ẹ̀rì, a jọ rìn dé ibi Erédò Sùngbọ́. Mo ti débẹ̀ rí, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí àwọ̀ ni mo ń wò. Yàrà àti odi tí àwọn baba ńlá wa fi yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ká, tó gùn tó kìlómítà 160, tó jẹ́ pé láwọn ibòmíràn láti ìsàlẹ̀ yàrà dé orí odi tó mítà 20, tí Pacheco Pereira ará Pọtogí ti mẹ́nu bà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kẹrìndínlógún: ara rẹ̀ pọ́n fòò, òjò sì ti ń pa á láti ọ̀rúndún mélòó sẹ́yìn. Mi ò bu yẹ̀pẹ̀ níbẹ̀, ohun ìní gbogbo wa ni. Ẹ̀yìnkùlé ẹ̀gbọ́n mi, níbi tí wọ́n ti ń gbẹ́ ìpìlẹ̀, ni mo ti bu ìdajì garawa.

Bí a ti ń ṣe ògì ni mo ṣe é. Mo po ilẹ̀ náà mọ́ omi púpọ̀, mo jẹ́ kí iyanrìn rọlẹ̀, mo da omi pupa orí rẹ̀ sínú abọ́ mìíràn, mo fi sílẹ̀ sùn. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, omi ti tòrò, ohun tó silẹ̀ nísàlẹ̀ sì kúnná bí àtíkè. Mo sá a gbẹ, mo wá lọ̀ ọ́ mọ́ gọ́ọ̀mù àti oyin díẹ̀ kó má baà sán. Irin tó dógùn-ún ló sọ ilẹ̀ wa di pupa, oòrùn ò sì rí ìyẹn gbé ṣe. Mo lẹ òun náà mọ́ fèrèsé. Ìdajì tí mo bò àti ìdajì tí mo ṣí sílẹ̀, mi ò lè mọ̀ ọ́n yàtọ̀ títí di òní. Kò jọ pupa osùn, ó wúwo jù ú lọ. Mo fẹ́ràn àwọn méjèèjì, mo sì ti mọ ibi tí n ó lo kálukú.

Mo tún fi abẹ fín kápẹ́ẹ̀tì rọ́bà kan bí òǹtẹ̀ láti tẹ ọ̀pọ̀lọ́ jáde. Ẹ̀dà ni ìyẹn náà, mo pa á tì. Ní ti iṣẹ́ owó, iléeṣẹ́ ìtẹ̀wé kan gba àwòrán 32 lọ́wọ́ mi, ìdajì owó ni wọ́n san, ìwé ti wà lọ́jà. Ó ṣì ń dùn mí bí mo ṣe ń kọ èyí. Láti oṣù kẹsàn-án, n kì í fi àwòrán tó parí ránṣẹ́ láìjẹ́ pé owó pé lọ́wọ́ mi.

Oṣù kẹwàá, ẹ̀gbọ́n màmá mi mú mi lọ sọ́dọ̀ ìyá kan tó ṣì ń hun aṣọ ní Ìjẹ̀bú-Òde. Mo kúnlẹ̀ kí wọn, mo tẹ́ aṣọ Ìyá Àgbà síwájú wọn, mo sì to àwòrán mẹ́sàn-án tí mo ti yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Wọ́n wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n dákẹ́ títí àyà mi fi ń já.

“Ojú aṣọ lo yà,” ni wọ́n wí. “Wo ẹ̀yìn rẹ̀.”

Wọ́n yí i padà. Ọdún fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, mi ò yí aṣọ yẹn padà rí! Gbogbo ibi tí òwú ti bẹ̀rẹ̀, ibi tó ti fò, ibi tí wọ́n ti so ó, gbogbo rẹ̀ wà níbẹ̀. Ìyá náà fi ìka wọn lọ títí ó fi dé ìdí ọ̀pọ̀lọ́ keje, níbi ẹsẹ̀ tó kúrú. Kókó kan wà níbẹ̀, òwú tó kúrò lára rẹ̀ sì mọ́lẹ̀ ju èyí tó wọlé lọ. “Òwú tán níbí,” ni wọ́n wí. “Ó lọ tọrọ lọ́wọ́ ẹnìkejì rẹ̀.”

Mo bi wọ́n bóyá mo lè ya ìtàgbé náà lẹ́yìn èyí. Wọ́n ní èyí tó bá jẹ́ ti Òṣùgbó, kí n má gbé e sínú ìwé ọmọdé. Mo gbà, n ó sì pa á mọ́.

Láti ìgbà náà, ẹ̀yìn aṣọ ni mo ń yà, ní ìwọ̀n rẹ̀ gan-an: ilẹ̀ pupa fún gbogbo ara aṣọ, osùn fún òwú ọnà, bírò fún kókó. Tó bá parí, inú àpótí ni yóò máa gbé pẹ̀lú aṣọ náà, kí oòrùn má rí osùn rẹ̀. Ọyẹ́ ti dé báyìí, ọ̀dà ń gbẹ lẹ́nu bírọ́ọ̀ṣì kó tó kan bébà, nítorí náà aago márùn-ún ìdájí ni mo ń jí ṣe é. Mo ti ya ọ̀pọ̀lọ́ mẹ́fà tán. Ìkeje ló wà lórí tábìlì, ó ku ẹsẹ̀ kúkúrú náà, osùn inú ìgò kò sì ju ṣíbí kan lọ mọ́. Ìyá ológógóró ti lọ ṣọdún nílé àwọn ọmọ wọn. Wọ́n ní àwọn yóò dé lọ́jọ́ karùn-ún oṣù kìíní. Mo ti ya àwòrán kan sọ́tọ̀ tí n ó mú lọ fún wọn wò.