Ìgbẹ́ gbuuru àwọn sójà
Àbúrò mi tó jẹ́ sójà wá kí wa ní Ògbómọ̀ṣọ́, bó sì ti ń fi ọwọ́ gé àmàlà ló ń ṣàlàyé bí ìgbẹ́ gbuuru ṣe máa ń dá àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ibùdó dùbúlẹ̀. Kòkòrò àìfojúrí tí wọ́n ń pè ní ETEC, tó jẹ́ oríṣi kan lára bakitéríà E. coli tó ń gbé inú ìfun, wà lára àwọn tó sábà máa ń fà á: ó máa ń lẹ̀ mọ́ ìfun, àwọn kan nínú wọn a sì tu májèlé tó jọ ti kọ́lẹ́rà, tí ìfun yóò fi máa da omi. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, ara a ṣe èròjà ìgbèjà tí wọ́n ń pè ní IgA sínú ìfun, èyí tí kì í jẹ́ kí kòkòrò náà ríbi lẹ̀ mọ́. Àmọ́ ETEC pọ̀ ní oríṣi, ààbò lọ́wọ́ ọ̀kan kò sì fi dandan kan òmíràn. Lójú tèmi, ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ àwọn tó ń wá abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ ti le jù.