Ta Ló Pa Iná?

Ọ̀gá mi wà ní yàrá ẹ̀rọ ìsàlẹ̀, èmi wà ní tòkè, switch kan, àpótí tó ń so àwọn kọ̀ǹpútà pọ̀, wà níwájú wọn, èkejì níwájú mi. Fóònù la fi ń sọ̀rọ̀. Iṣẹ́ náà kò le: ti SFP, ẹ̀rọ kékeré tó ń sọ dátà di ìmọ́lẹ̀, bọ ihò rẹ̀ lára switch, ki okùn fáíbà tí ìmọ́lẹ̀ náà ń gbà kọjá bọ̀ ọ́, kí iná àwọ̀ ewé tàn, ká máa relé.

Kò tàn.

"Ṣé SFP tó tọ́ lo kì bọ̀ ọ́?"

"Òun ni, sà. LR ni, ti ọ̀nà jíjìn, wọ́n kọ 1310 tí í ṣe ìgùn ìgbì ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ sí i lára. Okùn yẹ́lò tó bá a mu la sì fà."

"Yọ ọ́, tún un wò."

Mo yọ ọ́. 1310 kò tíì di 850 ti ọ̀nà kúkúrú.

Ọ̀gá ní SFP ti kú. A pààrọ̀ rẹ̀. Ọpẹ́lọpẹ́ pé èèyàn kì í pa switch kó tó yọ ọ́. Kò tàn. Wọ́n ní switch ni. Wọ́n tún ní àwọn tó fa okùn gba inú ògiri ni. Ó kù díẹ̀ kó kan ẹni tó kọ́lé.

Okùn méjì ló wà nínú fáíbà wa: ọ̀kan ń fọhùn, ọ̀kan ń gbọ́. Ẹnu tèmi gbọ́dọ̀ kọjú sí etí tiwọn. Bí ẹnu bá kọjú sí ẹnu, ariwo lásán ni. Wáyà bàbà ti gbọ́n, ọ̀pọ̀ póòtù ìsinsìnyí ló ń fúnra wọn tún irú rẹ̀ ṣe. Fáíbà kì í ṣojú àánú. Ojú lásán kò sì lè rí ìmọ́lẹ̀ tó ń gbà kọjá, ẹni tó bá sì fẹ́ràn ojú rẹ̀ kò ní yọjú wo ẹnu okùn tí lésà wà nínú rẹ̀.

"Ẹ jẹ́ kí n yí orí ẹ̀ padà, sà."

"Ó dáa, yí i."

Ike pẹ́ńpẹ́ kan ló so orí méjèèjì pọ̀. Mo fi èékánná họ ọ́ títí ó fi ṣí, mo gbé tọ̀tún sí òsì, mo gbé tòsì sí ọ̀tún. Kẹ́, kẹ́. Òkùnkùn.

"Dá a padà bó ṣe wà."

Mo dá a padà. Òkùnkùn. Báyìí la ń ṣe é títí èékánná mi fi ya.

Àfi bí fóònù ṣe já. Mo tún un yí láìsọ fún ẹnikẹ́ni, iná sì tàn! Mo pariwo. N kò tíì pa ẹnu dé tó fi kú. Mo sáré sọ̀kalẹ̀, èmi àti ọ̀gá pàdé lórí àtẹ̀gùn, wọ́n ń mí hẹlẹ-hẹlẹ.

"Bátìrì mi kú. Mo ń bọ̀ wá gba ṣájà."

"Ọ̀gá, ó tàn! Ó tún kú."

"Nígbà wo?"

"Báyìí báyìí, sà."

Wọ́n wo ọwọ́ wọn. "Ẹn-ẹn. Àfi tó bá jẹ́ ìgbà tí mò ń yí tèmi."

"Ẹ̀yin náà ń yí i, sà?"

"Ìgbàkígbà tí o bá ti ń yí tìẹ, mo ń yí tèmi. Ṣé kí n kàn káwọ́ lẹ́rán ni? Mò ń ràn ọ́ lọ́wọ́!"

Wọ́n dúró sókè, èmi nìkan lọ yí ti ìsàlẹ̀, ó sì tàn. Nínú ìròyìn iṣẹ́ tí wọ́n kọ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, wọ́n ní bátìrì fóònù tó kú ló dá wa dúró.